Apá Tí Fọlárìn Fi Pamọ́

"Má dọ̀bálẹ̀! Ìwọ ọmọ yìí, mo ní o má dọ̀bálẹ̀!"

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Fọlárìn ti nà gbalaja níwájú mi, àyà rẹ̀ ti kan iyanrìn, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń kí àgbà. Ẹ̀rọ tó ń fò lókè orí wa, tó tóbi tó agboòrùn, dún pì-í, ó sì kéde fún gbogbo pápá pé: "Ẹni yìí ṣubú. Ẹ wo orúnkún rẹ̀ dáadáa."

Àwọn ará Òkèhò tó dúró lẹ́yìn okùn bú sẹ́rìn-ín.

"Ó tún ti sọ ọ́," ni Ìbírónkẹ́ wí. Òun ni Ẹgbẹ́ Àṣá, ẹgbẹ́ besibọ́ọ̀lù tó gbà mí síṣẹ́, ní kó tẹ̀ lé mi wá láti máa bójú tó Àpótí tó ń gba ẹ̀rí lẹ́nu alóre, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. "Bàbá Alóre, gbogbo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣubú lójú ẹ̀rọ yìí. Àwọn tó ṣe é, ṣé wọn kì í kí bàbá wọn ni?"

"Bóyá wọ́n ń mi orí sí wọn bí alángbá," mo fèsì. "Dìde, Fọlárìn. Gbọn ara rẹ. Ó yá, ju bọ́ọ̀lù."

Ó dìde. Ọmọ tínínrín ni, apá rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di bọ́ọ̀lù mú, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì jù ú sí ẹni tó lóṣòó dè é pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ awọ. Gbì! Nínú ojú ọ̀tún mi, ipa ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù náà gbà kọjá tàn ní àwọ̀ ewé.

Àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ó tó. Pupa túmọ̀ sí pé kó máa lọ sílé ìyá rẹ̀. Wọ́n ní àwọ̀ wúrà wà fún apá tí kò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń ṣe alóre, tí mò ń ti ìlú bọ́ sí ìlú láti yẹ àwọn ọmọ tó ń ju besibọ́ọ̀lù wò kí Ọjọ́ Àṣàyàn tó pé, n kò rí i rí. Ojú tó ń tan àwọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi. Àìsàn ló jẹ ojú mi méjèèjì. Ẹgbẹ́ yọ ti ọ̀tún, wọ́n fi tiwọn rọ́pò rẹ̀. Ti òsì ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ kò rí ju èéfín lọ.

"Ó tó," Ìbírónkẹ́ wí. "Kò burú, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹgbẹ́ á fi dí àlàfo. Apá ọ̀tún."

"Jẹ́ kó tún jù."

Ó tún jù. Ewé. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ewé. Nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu nínú bí ọmọ náà ṣe ń jù. Ó dà bí ẹni tó ń sọ èdè tó kọ́ nílé ìwé: kò ṣì í, ṣùgbọ́n kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀.

"Iná dé!" ni obìnrin kan pariwo lẹ́yìn okùn, àwọn yòókù sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí. Ìlú tó bá ní apá nínú ẹgbẹ́ ló ń ní iná, òun ló ń ní omi ẹ̀rọ. Òfin nìyẹn. Láti ìgbà tí apá tí Òkèhò ní kẹ́yìn ti bàjẹ́, inú òkùnkùn ni wọ́n wà. Ọ̀gbẹ́ni tó ni apá náà wà lórí pápá lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sábẹ́ ìbòòji. Àkọ̀ tí wọ́n fi bo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti èjìká dé ọmọ ìka ṣì wà lára rẹ̀, ó ń dán bí ìkarahun ìgbín. Ẹgbẹ́ ní kó bọ́ ọ bó bá wù ú. Kí ló fẹ́ bọ́ ọ fún? Apá tó ti pẹ́ nínú àkọ̀, tí wọn kì í jí àfi lọ́jọ́ ìdíje, kì í sábàá fẹ́ jí mọ́. Ó na ọwọ́ òsì sí ìyá tó ń ta àkàrà. Ìyá náà kò fi àkàrà lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sórí àga, ó sì wo ibòmíràn.

"Má bínú sí mi, ọmọ mi," ó ní. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ọwọ́ òsì lara mi kọ̀."

"Ìrọ̀lẹ́ lẹ máa fẹnu yín sọ gbogbo rẹ̀ níwájú Àpótí o," Ìbírónkẹ́ rán mi létí. "Ẹ má jẹ́ kí tiyín dà bíi ti alóre Ìgbẹ́tì."

"Kí ló ṣe é?"

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ bò láṣìírí. Ojú rẹ̀ rí nǹkan kan, ẹnu rẹ̀ sọ òmíràn. Ẹ mọ̀ pé ẹnu ni òfin ń gbà, nítorí olè lè jí ojú alóre, kó fi àwòrán èké kún inú rẹ̀, àmọ́ ẹnu ò ṣeé jí. Wọ́n gba ẹnu rẹ̀, wọ́n sì yọ ojú náà lórí pápá níbẹ̀. Ní báyìí, ìyàwó rẹ̀ ló ń fà á lọ sí ilé ìgbẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. A kò mọ ọkùnrin náà.

Nígbà tí oòrùn kàn wá ní àtàrí, a ní kí gbogbo èèyàn lọ sinmi. Mo gbé bútà omi mi, mo gba ẹ̀yìn ògiri àtijọ́ kan lọ láti ṣe àlùwàlá. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo fi gbọ́ ohun kan: fìì, lẹ́yìn náà, pọ́! Nǹkan jábọ́ sínú koríko.

Mo yọjú. Fọlárìn ló dúró sábẹ́ igi máńgòrò, ó kẹ̀yìn sí mi. Àwọn ọmọ ti ká ti ìsàlẹ̀ tán, ó ku ìwọ̀nba tó wà ní ṣóńṣó orí igi, níbi tí ẹyẹ gan-an ti ń bẹ̀rù àtibà. Ó fi ọwọ́ òsì mú òkúta nílẹ̀. Kò gbé ẹsẹ̀ sókè, kò dúró wọn ibi tó máa jù ú sí. Ó kàn jù ú bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Òkúta náà gé ọrùn máńgòrò kan lókè lọ́hùn-ún, èso náà já bọ́ láìní ojú àpá kankan lára.

Ojú ọ̀tún mi kígbe.

N kò mọ̀ pé ojú lè kígbe. Igi náà di wúrà, ògiri di wúrà, ojú ọ̀run di wúrà, nǹkan bí agogo sì ń lù nínú agbárí mi. Bútà bọ́ lọ́wọ́ mi. Omi dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Ọmọ náà yípadà wìrì. Máńgòrò wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, omi rẹ̀ ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó sáré gbé e bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Ẹ... ẹ káàsán, sà."

Mo nawọ́ sí igi náà.

"Tún un jù."

"Kí ni, sà?"

"Má sọ mí di ọmọdé. Tún un jù."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ojú yín ń wò mí."

"Ó ti rí ọ ná. Ohun tó rí ti wọlé sínú rẹ̀, kò ṣeé parẹ́."

Ó rọra jókòó sínú koríko. "A jẹ́ pé ó ti parí nìyẹn," ó wí.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ti òsì. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ti ọ̀tún ni wọ́n kọ́ mi. Bàbá bàbá mi ló ń kọ́ mi lẹ́yìn ilé láti kékeré. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó tó, kó má ju kó tó lọ. Bí àwọn ará ẹgbẹ́ bá dé, kí n fún wọn ní ọ̀tún, kí wọ́n máa gbé e lọ. Iná á tàn ní Òkèhò, á sì ku ọwọ́ tí mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan sí mi lára. Òsì ni mo fi ń jẹun ní yàrá, sà. Òun ni mo fi ń gbẹ́ igi."

"O sì mọ ohun tí òfin sọ nípa ẹni tó bá fi apá pamọ́."

"Méjèèjì ni wọ́n ń mú." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ sọnù lọ́jà. "Bí wọ́n bá fi àkọ̀ sí méjèèjì, ta ni yóò máa bọ́ mi? Ta ni yóò máa tú okùn ṣòkòtò mi, sà?"

Mo ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ṣíbí bọ́ ọ bí ẹni ń bọ́ ọmọ ẹyẹ, eṣinṣin bà lé e ní imú, ó sì ń wò ó.

"Fọlárìn! Ṣé o ti jẹun?"

Ẹnì kan ló ń pe ọmọ náà láti òdì kejì ògiri. Kí n tó rí ẹni náà, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ òsì mi ti sá wọ inú àpò. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ mọ ohùn yẹn. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n ṣìkejì.

Bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá rin dé ọ̀dọ̀ wa. Tíṣà Oyèdìran ni. Oyèdìran pọ̀ nílẹ̀ wa, n kò sì fọkàn sí i nígbà tí wọ́n pe orúkọ ọmọ náà láàárọ̀. Ìwéré-Ilé ni mo ti mọ bàbá yìí, nígbà tí wọ́n gbé e wá kọ́ wa ní kíláàsì kẹrin. Ó fi okùn so ọwọ́ òsì mi mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, ó ní kí n fi ọ̀tún kọ̀wé. Nígbà tí ìwé náà wọ́, ọwọ́ tó wà nínú okùn ló fi pàṣán bá wí. Mo padà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, n kò sì tún wọ ilé ìwé kankan mọ́. Kí ìyá mi tó kú, ó ní kí n dárí jì í. Àfáà wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ̀. N kì í ṣe ẹni tó ń sọ ẹrù rẹ̀ nù sójú ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, Tíṣà," mo wí. N kò dọ̀bálẹ̀, n kò sì bẹ̀rẹ̀.

"Káàsán, ọmọ mi. Ìwọ ni alóre?"

"Bàbá," Fọlárìn wí, "wọ́n ti rí mi."

Bàbá náà gún ọ̀pá mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó ń kúnlẹ̀, eékún rẹ̀ ń dún, ó ń wá ibi tó máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ nílẹ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi! Ẹni tó dàgbà ju bàbá tó bí mi lọ!

"Èèwọ̀!" mo kígbe. "Ẹ má dán an wò! Fọlárìn, gbé bàbá rẹ dìde!"

Ọmọ náà gbé e dìde. Mo sún mọ́ ọn, mo fi ojú mi síwájú ojú rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ wò mí dáadáa. Ṣé ẹ mọ̀ mí?"

Ó wò mí pẹ́. "Ṣé ọmọ Alápatà ni ọ́?"

"Rárá."

"Àbí mo kọ́ ọ rí?"

"Sùnmọ́nù ni mí. Ẹ so ọwọ́ mi mọ́ bẹ́ǹṣì ní Ìwéré-Ilé."

Mo ń retí kí ojú rẹ̀ yípadà. Ọjọ́ tí mo ti ń retí ìyípadà yẹn ti pẹ́ ju ọjọ́ orí Fọlárìn lọ. Mo ti ro ó lórí ibùsùn, mo ti ro ó lójú ọ̀nà, ohun tí mo máa sọ nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Mo sì rí i pé bàbá náà ń wá mi tọkàntọkàn nínú orí rẹ̀, bí ẹni tó ń tú àpò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó wí, "n kò ní purọ́ fún ọ. Ọ̀pọ̀ ni mo so."

Ẹ̀yin èèyàn, wúrà yẹn bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n kò tó eléyìí. Bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, tó gbé ẹsẹ̀ lé ibi tí igi kò sí, bẹ́ẹ̀ ló rí lára mi. Mo ti gbé ọkùnrin yìí sẹ́yìn láti kékeré. Òun kò mọ̀ pé mo wà láyé.

"Ọwọ́ òsì nínú abọ́ àjọjẹ, ìwà ẹ̀gbin ni wọ́n fi kọ́ wa," ó ń sọ lọ. "Nígbà tí wọ́n bí eléyìí, mo mú okùn síta. Ìyá rẹ̀ ní bí mo bá so ó, òun á so èmi náà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ká jọ máa kígbe. Lẹ́yìn náà ni òfin apá dé." Ó na ọ̀pá sí mi. "Bí o bá ní ẹ̀san, èmi nìyí. Ọmọ yìí kò sí ní Ìwéré-Ilé."

"Ẹ máa lọ," mo wí.

"Ọmọ mi..."

"Mo ní ẹ máa lọ!"

N kò sọ ohun tí mo máa ṣe fún wọn, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n. Mo máa sọ òsì. Kí Tíṣà máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, kó máa bọ́ ọ lálẹ́. Nígbà yẹn, á rántí Sùnmọ́nù. Bí mo ṣe ń ronú nìyẹn, n kò sì ní fi bò.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a péjọ síwájú Àpótí. Ó ga tó ènìyàn, ó dúdú, ó ní ẹnu ṣùgbọ́n kò lójú, nítorí ojú tiwa ló ń lò. Àwọn ọkùnrin méjì láti ẹgbẹ́ dúró tì í, àkọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Bí mo ṣe dé iwájú rẹ̀ ni àyíká ẹnu rẹ̀ tàn ní àwọ̀ wúrà.

Ìbírónkẹ́ fò sókè. "Bàbá Alóre! Wúrà! Ẹ rí wúrà, ẹ sì dákẹ́ mọ́ mi lára látọ̀sán! Ta ni? Ẹ̀yin ni ẹgbẹ́ máa fi ṣe olórí gbogbo alóre, mo sọ ọ́ tán!"

"Fọlárìn Oyèdìran," ni Àpótí wí. "Apá wo?"

Ọmọ náà bọ́ síwájú. Ó fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró ṣánṣán, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń dúró de ohun tí àgbàlagbà kan máa fi ṣe é.

Òsì ti wà lórí ahọ́n mi. Mo ti ń ṣí ẹnu. Ìgbà yẹn ni mo bi ara mi pé kí ni ọmọ yìí ṣe. Ó lo ọwọ́ òsì. Kò ṣe nǹkan mìíràn. Ta ló sì fẹ́ fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀? Èmi. Iṣẹ́ tí Tíṣà fi pàṣán bẹ̀rẹ̀, ó ti gbàgbé, ó ti lọ sinmi, èmi ni mo fẹ́ bá a parí rẹ̀. Inú bí mi. N kò dárí ji ọkùnrin yẹn. Tí mo bá kú, kí ẹ kọ ọ́ sórí sàréè mi pé n kò dárí jì í. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní ṣe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀tún," mo wí.

Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ méjèèjì wo ara wọn.

"Ojú rẹ sọ pé òsì," ni Àpótí wí. "Ẹnu rẹ sọ pé ọ̀tún."

"Ẹ ti ṣì í sọ, Bàbá," Ìbírónkẹ́ sọ sí mi létí. Ọwọ́ rẹ̀ tutù lápá mi. "Ẹ tètè ní ẹ ṣì í sọ. Ó máa ń gbà á lẹ́ẹ̀kan."

"N kò ṣì í sọ."

"Bàbá, ojú yín ni! Ojú yín ni wọ́n máa yọ!"

"Mo gbọ́ ọ. Etí kọ́ ni wọ́n fẹ́ yọ. Apá ọ̀tún ni."

"Òfin gba ẹnu," ni Àpótí wí.

Wọ́n fi àkọ̀ bo ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà dé èjìká. Ó ń wò mí nígbà tí wọ́n ń bò ó, ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó yọ nínú kànga. Àkọ̀ náà pa dé, tọ́! Ẹ̀rín náà dúró síbi tó dé. Ó wo ọmọ ìka rẹ̀ nínú ìkarahun yẹn. Ó tẹjú mọ́ ọn, bí ẹni tó ń pe ajá tí kò dáhùn.

"Bàbá," ó wí fún Tíṣà, "mò ń pè é, kò dáhùn."

"Fọlárìn..."

"Ọwọ́ mi ni mò ń pè, Bàbá! Kò dáhùn!"

Ó bú sẹ́kún. Ọmọ tó ga jù mí lọ ń sunkún bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀rù bà mí. Tíṣà ti ka ọwọ́ ọ̀tún yẹn sí ohun tí a lè gbé fún àlejò. Fọlárìn kà á bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo fi ojú mi rà á, mo kà á bẹ́ẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò mọ̀ pé ọwọ́ ni.

Iná tàn lójijì ní gbogbo Òkèhò, láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ ọjà, àwọn èèyàn sì sá lọ pẹ̀lú ariwo ayọ̀, wọ́n ń ti ara wọn. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ gbé àga wá sẹ́yìn mi. Ó ti wọ ìbọ̀wọ́ funfun.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ gbé orí sókè, ẹ má mira."

Mo jókòó, ṣùgbọ́n n kò gbé orí sókè. Tíṣà wà lórí iyanrìn níwájú mi. Ó ti ju ọ̀pá rẹ̀ nù, ó gbé ọwọ́ tó wà nínú àkọ̀ sórí itan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, ó ń ra á, bí ẹni ń ra ara ọmọ tí òtútù mú, ó sì ń pe orúkọ Fọlárìn sí i jẹ́jẹ́, bí ẹni pé inú ọwọ́ yẹn ni ọmọ náà sá wọ̀.

"Bàbá, ṣé a lè bẹ̀rẹ̀?"

"Dúró," mo wí. "N kò tíì wò ó tán."